Ẹ̀jẹ̀ Ọdẹ́sànyà àti Ìyá Eṣúṣú inú Igbó Adákẹ́

Ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ní etí. Ẹni tí ó bá gbé iṣu ka iná kí ó tètè lọ yọ ọ́, nítorí n kò ní dá ọ̀rọ̀ yìí dúró lágbede méjì nítorí iṣu ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́jídé, ọmọ Ọdẹ́wùmí, ni mo ń sọ̀rọ̀: èmi tí mo pa ìkookò lẹ́nu ihò rẹ̀, tí mo fa ejò òjòlá jáde kúrò lára ajá mi bí ẹni ń tú okùn lára igi, tí ẹkùn gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi tí ó rántí pé òun ní iṣẹ́ lápá ibòmíràn. Bí mo bá yangàn, ẹ má bínú. Ìyangàn nìkan ni ìlú Òkè-Afàrà fi sílẹ̀ fún mi, èmi náà kò sì ní jẹ́ kí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ gbàgbé ti ọ̀hún. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò sí níbẹ̀. Inú ń run wọ́n nílé lọ́jọ́ náà.

Ẹfọ̀n kan ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó jáde láti inú Igbó Adákẹ́, ó sì sọ oko wa di tirẹ̀. Ó kan bàbá arúgbó kan pa nídìí kòkó, ó gbé obìnrin kan sọ sókè bí ẹni ju agbọ̀n òfìfo, títí ẹ̀gẹ́ fi ń jẹrà nínú ilẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó láyà láti lọ wà á. Báálẹ̀ pe gbogbo ọdẹ jọ. Ẹ bá wá wo àwọn akọni! Ọ̀kan ní ìyàwó òun fẹ́ bímọ, bẹ́ẹ̀ ìyàwó náà kò tilẹ̀ lóyún. Òmíràn ní àìsàn ń ṣe ìbọn òun. Lánihùn, olórí ọdẹ wa, tí ohùn rẹ̀ máa ń mi òrùlé nídìí ẹmu, fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó ní inú òun ń bù òun jẹ. Èmi àti àbúrò mi, Ọdẹ́sànyà, wo ojú ara wa, a sì dìde.

Ọdẹ́sànyà ni wọ́n bí tẹ̀lé mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ọkùnrin yìí bí ó ti rí nígbà náà. Bí ó bá ń sun ìjálá, àwọn obìnrin á gbàgbé omi lórí iná, àwọn ọ̀tá á sì gbàgbé ìjà. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ehín ń dùn ún lọ́jọ́ tí a ń wí yìí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta oògùn kiri inú ọkọ̀ ti ta hóró funfun kan fún un, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé mì fún ẹ̀fọ́rí àti ara ríro, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí a wà lójú ọ̀nà, mo ní, “Sànyà, kí ni ò ń jẹ lẹ́nu bí ewúrẹ́ yìí?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n jẹ ẹ́. Ehín mi ń pariwo. Bí ẹfọ̀n bá gbọ́ ariwo rẹ̀, á ti sá lọ kí a tó dé.”

A rẹ́rìn-ín títí a fi dé etí igbó. Èmi kì í ṣe oníṣègùn òyìnbó. Ẹni tí ehín ń ro tí ó ra oògùn, kí ni ọdẹ fẹ́ bá a wí sí i?

Ẹyẹ kì í ké nínú Igbó Adákẹ́. Ìtàkùn ibẹ̀ nípọn bí itan ènìyàn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ikùn aboyún. Lórí ìrókò kan tí ó ti wó ni a ti bá iwin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ hù láti ìpàkọ́, tí ó ń fi eyín jẹ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wo ojú wa. Ó ní, “Ẹ kí ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ọdẹ́wùmí. Mélòó nínú yín ni yóò jáde?”

Mo ní, “Àwa méjèèjì ni.”

Iwin náà ní, “Òótọ́ ni. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jáde. Ẹ̀rí yín ni kò ní jáde.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, irùngbọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fẹ́ yìnbọn fún un, Ọdẹ́sànyà ní kí n fi ẹ̀tù pamọ́ fún ẹni tí ó ní ìwo. A fi iwin sílẹ̀ pẹ̀lú èékánná rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n má fi ìrìn igbó dá yín lágara. Etí àbàtà kan ni a ti bá ẹfọ̀n, ibi tí omi dúdú gbé dákẹ́ sábẹ́ àwọn igi. Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti rí ẹfọ̀n rí, ṣùgbọ́n èyí dà bí ilé tí ó hu ìwo! Ó gbọ́ òórùn wa kí a tó rí i, ó sì ti ń bọ̀ kí a tó sọ pé ó ń bọ̀. Ọdẹ́sànyà fò sí apá òsì. Ìwo ẹfọ̀n kàn fi ara ra itan rẹ̀ ni, bí ẹni fi ọ̀bẹ fá ara iṣu. Èmi ńkọ́? Mo dúró. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mo dúró! Mo jẹ́ kí ó súnmọ́ mi títí mo fi rí ara mi nínú ẹyinjú rẹ̀, mo wá tú ẹ̀tù sí i láàárín iwájú orí. Orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ wólẹ̀, lẹ́yìn náà ni orí, lẹ́yìn náà ni gbogbo igbó mì. Èmi ni mo pa á. Bí ọ̀run bá là lónìí, ohun tí n ó sọ níbẹ̀ nìyẹn.

A jó yí òkú ẹran náà ká. Ọdẹ́sànyà kọ oríkì ẹfọ̀n, ohùn rẹ̀ ń lu igi ó ń padà. Nígbà tí ó parí, mo wo ilẹ̀, mo rí i pé ibi tí ó ti jó ti pupa. Ọgbẹ́ náà kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Irú rẹ̀ ni ọdẹ ń fi itọ́ pa tí ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo já ewé imí-eṣú, mo run ún sí i. Ẹ̀jẹ̀ gbé ewé lọ. Mo wá igi bọ̀tujẹ̀, mo kán oje rẹ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ fọ oje dànù. Mo ya aṣọ mi, mo dì í, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára apá mi. Bí mo ti tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Kò yára o. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ń tú yàà. Ó kàn ń lọ ni, jẹ́jẹ́, bí àlejò tí kò ní í dágbére.

Ọdẹ́sànyà jókòó ti gbòǹgbò igi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òtútù ń mú mi.” Oòrùn wà láàárín ọ̀run.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan láti inú àbàtà. Ohùn náà dùn! Ó dà bí ohùn ìyá tí ó ń pe ọmọ wá jẹun. Ó ní, “Ta ni ó wá se irú ọbẹ̀ báyìí sí ẹnu ọ̀nà mi?” Omi là sí méjì, obìnrin kan sì yọ jáde tí kò ní egungun lára. Ara rẹ̀ ń dán bí aṣọ ọ̀rá tí òjò pa, ó ń gùn ó ń kúrú bí ó ti ń bọ̀. Ẹnu rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ẹyinjú rẹ̀ sì tó mẹ́wàá, wọ́n tò sí iwájú orí bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Bàbá wa ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa: Ìyá Eṣúṣú nìyí, ẹni tí gbogbo eṣúṣú inú omi jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Mo na ìbọn sí i. Ó ní, “Ọmọ ènìyàn, gbé igi rẹ kúrò lójú mi. Ara mi kò ní ibi tí ọta ń dúró sí. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ ni mo wá wò. Ó ń ṣàn bí ẹni pé èmi ni mo fi ẹnu kàn án, bẹ́ẹ̀ n kò tí ì fi ẹnu kàn án. Ta ni ó kọ́ yín ní iṣẹ́ mi?”

Mo ní, “Bí o bá mọ ohun tí ó ń ṣe é, wí. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, padà sínú ẹrẹ̀ rẹ.”

Ó ní, “N ó wí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Àwọn wo ni ń gbé inú odò pupa, tí wọn kì í sọ̀rọ̀, tí wọn kì í jà, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí bèbè odò bá ya ni wọ́n ń hu apá?”

Mo ní ẹja. Ó mi orí. Mo ní alákàn. Ó ní, “Ọdẹ ni ọ́ lóòótọ́, kìkì ohun tí o lè jẹ ni o mọ̀.” Ó ká ewé kókò kan, ó fi gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti itan àbúrò mi, ó kán omi àbàtà lé e, ó sì ní kí n wò ó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo wò. Ẹ̀kán yẹn fẹ̀ títí ó fi di odò. Àwọn pupa bìrìkìtì kan pọ̀ níbẹ̀ ju èèrà lọ, wọ́n ń gbára yí lọ. Láàárín wọn ni àwọn kékeré kan wà tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, tí wọ́n ń ṣàn lọ bí ẹni tí kò ní iṣẹ́. Ìyá Eṣúṣú ní, “Àwọn Pẹlẹbẹ nìyẹn. Àwọn ni mọlémọlé inú ẹ̀jẹ̀. Bí ògiri iṣan bá ya, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wú, wọ́n á hu apá, wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á sì fi ara wọn ṣe amọ̀ tí wọn yóò fi dí i. Ẹ̀yin a wá ní ewé ni ó wò yín sàn.”

Mo ní, “Ta ni ó ń sọ fún wọn pé ògiri ti ya?”

“Háà, ọ̀rọ̀ dé. Nínú Pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, ìlú kan wà níbẹ̀. Oníbodè dúró sí ẹnu awọ rẹ̀, ó na ọwọ́ síta. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan fọ́nrán ògiri tí ó ya, ó yí padà, ó fọwọ́ kan ìránṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn fọwọ́ kan èkejì, èkejì fọwọ́ kan ẹ̀kẹta, títí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ akígbe. Akígbe a wá ké síta kí àwọn Pẹlẹbẹ tí ń ṣàn kọjá lè gbọ́, kí wọ́n ya wá bí ẹni ya wá sí ọ̀wẹ̀. Láìsí igbe yẹn, ìwọ̀nba àwọn tí ó fara kan ògiri ni yóò dúró. Àwọn yòókù á kọjá lọ.”

Mo ní, “Kí ni kì í jẹ́ kí wọ́n dìde lọ́jọ́ tí ògiri kò ya?”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Àwọn adánidúró wà nínú ìlú náà pẹ̀lú. Ògiri tí ara rẹ̀ le máa ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún wọn pé, ‘Ó tì o, kò tíì tó àkókò o,’ wọn a sì di apá àwọn yòókù mú. Ẹ̀yin ń rò pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn adánidúró bá sùn, odò yóò di amọ̀ pátápátá.”

Ó tún ní kí n wò. Mo rí i pé àwọn oníbodè inú ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi na ọwọ́, wọ́n di ògiri mú. Mo rí àwọn ìránṣẹ́ tí wọ́n ń sáré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú mi dé ọ̀dọ̀ akígbe, nǹkan funfun kan dí i lẹ́nu bí ẹni fi ẹfun dí ẹnu ìkòkò. Ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ó sì kú. Mo rántí hóró funfun. Mo kígbe pé, “Yọ ọ́ lẹ́nu wọn!”

Ó ní, “Kò ṣeé yọ. Wọn kò fún Pẹlẹbẹ ní irúgbìn tí yóò fi hu ẹnu mìíràn. Ohun tí wọ́n gbé wá láti inú mùdùnmúdùn egungun ni wọn yóò lò títí wọn yóò fi kú. Àfi kí àwọn wọ̀nyí kú tán kí egungun bí òmíràn, ìyẹn sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Iṣẹ́ tí èmi ń fi itọ́ mi ṣe láti ọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di ohun tí ẹ ń rà nínú ọkọ̀!” Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń dùn, etí mi ń dì. Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé. Mo wo ilẹ̀.

Yéè! Eṣúṣú bò mí láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, wọ́n ti yó, wọ́n rọ̀ bí èso àgbáyun, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ ìgbà tí ẹyọ kan bù mí jẹ! Ìdí tí ó fi ń kọ́ mi lọ́gbọ́n láti ìṣáájú nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ dùn, ẹ máa wo ẹsẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fa àpò mi, mo bu iyọ̀ tí mo mú wá fún ẹran yíyan, mo da á sí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ń já bọ́ pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kejì, mo na án sí ojú Ìyá Eṣúṣú. Ó súnkì títí ó fi kúrú bí ọmọdé.

Mo ní, “Wò ó, ìwọ ìyá àwọn aláìlégungun. Wọ́n ní ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń so okùn ni ó mọ bí a ti ń tú u. Ìwọ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, o mọ bí ó ṣe ń dúró. Dá a dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó fi iyọ̀ yìí se ọ́.”

Ó ní, “Fi ọwọ́ sílẹ̀. Bí o bá pa mí, ta ni yóò wò ó sàn? Fún mi ní ẹfọ̀n yẹn. Gbogbo rẹ̀, láti ìwo dé ìrù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò bọ́ ilé mi títí di òjò tí ń bọ̀.”

Mo wo ẹfọ̀n. Mo wo Ọdẹ́sànyà: ètè rẹ̀ ti funfun, ó ń wò mí ṣùgbọ́n n kò rò pé ó ń rí mi. Mo ní, “Mú un.” Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ní nǹkan mìíràn tí ì bá sọ dìde kí ó sọ ọ́. Ọ̀nà ilé jìn, ọ̀nà ọsibítù jìn ju ti ilé lọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn.

Ìyá Eṣúṣú wú ikọ́, ó pọ nǹkan dúdú kan bí ẹyin ìgbín sórí ewé. Ó ní, “Fi èyí sí ojú ọgbẹ́. N kò lè la ẹnu akígbe. Àwọn adánidúró ni èyí yóò kùn lóorun. Gbogbo Pẹlẹbẹ yóò dìde, ì báà ṣe ẹni tí wọ́n pè, ì báà ṣe ẹni tí wọn kò pè.”

Mo ní, “Ṣé ẹ̀jẹ̀ yóò dúró?”

Ó ní, “Yóò dúró. Ibi tí yóò dúró sí ni n kò mọ̀.”

Mo ti ń fi í sí ojú ọgbẹ́ nígbà tí ó sọ ìyẹn. Bí ó bá tilẹ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, n ó ṣì fi í sí i. N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọgbẹ́ náà dí lójú mi. Ẹ̀jẹ̀ ki, ó di dúdú, ó gan. Nígbà tí a máa fi bojú wẹ̀yìn, àbàtà ti gbé ẹfọ̀n mì. Mo gbé Ọdẹ́sànyà kọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tí a jáde kúrò nínú igbó, ara rẹ̀ ti ń móoru, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tẹ ẹsẹ̀ kan, ó jẹ iṣu sísun tí mo sun fún un, ó sì ní ehín kò tilẹ̀ dùn òun mọ́. Gbogbo ọ̀nà ni ó fi ń dá ìjálá tuntun, tí ó ń ṣe ti ẹfọ̀n tí ó fẹ́ fẹ́ Ìyá Eṣúṣú níyàwó. Mo ń rẹ́rìn-ín dé ibi pé mo ní láti jókòó. Bí ẹ bá bi mí ní ìgbà tí ayé mi dùn jù, n kò ní lọ jìnnà. Ọ̀nà yẹn ni.

A dé oko ẹ̀gẹ́ Òkè-Afàrà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a sì ń gbọ́ àkùkọ ilé. Ọdẹ́sànyà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé omi mi dání.” Ìbọn rẹ̀ ni ó nà sí mi. Mo ní, “Omi wo?” Ó ní, “Omi. Omi tí a fi... omi.” Ojú rẹ̀ fi hàn pé òun náà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Ẹnu rẹ̀ fà sí apá kan. Apá ọ̀tún rẹ̀ ju sílẹ̀ bí aṣọ tí ó jábọ́ lórí okùn, ẹsẹ̀ tẹ̀lé e, ó sì wó lulẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́. Mo pè é. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan tí kò ga, tí ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ojú iṣan kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì ní ibi tí kò yẹ burú gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó kọ̀ tí kò dì.” Mo ní mo mọ̀. Ó bi mí pé ta ni ó sọ fún mi. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ dúró. Nígbà tí a ń lọ sílé, dókítà náà fún wa ní oògùn tí àbúrò mi yóò máa lò lójoojúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà tún dì sínú ọpọlọ rẹ̀. Mo ṣí i wò. Hóró funfun ni. Mo ní, “Dókítà, ṣé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ̀fọ́rí nìyí?” Ó ní òun náà ni, díẹ̀ báyìí lóòjọ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ lájẹjù, kò sì gbọ́dọ̀ ṣíwọ́. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí àwọn nọ́ọ̀sì fi yọjú.

Ǹjẹ́ ẹ wá gbọ́ ti ìlú wa. Nígbà tí a ṣì wà ní ọsibítù, inú Lánihùn ti san. Ó lọ sí etí igbó, ó sì bá òkú ẹfọ̀n tí àbàtà ti pọ̀ síta sínú odò tí ó ń ti igbó ṣàn jáde, torí ẹ̀jẹ̀ ni àwọn eṣúṣú fẹ́, wọn kò fẹ́ ẹran. Ó gé orí rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá bá òun gbé ìyókù. Wọ́n kun ẹran náà, kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan nínú rẹ̀. Ẹnu ya gbogbo ìlú. Wọ́n ní oògùn Lánihùn ni ó fa ẹ̀jẹ̀ ẹfọ̀n gbẹ! Ihò ọta tí ó wà níwájú orí ńkọ́? Lánihùn ní òun ni òun yìnbọn, ta ni yóò jiyàn? Wọ́n ti fi oyè lé e lórí kí n tó dé.

Mo lọ sí iwájú Báálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Báálẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní, “Ọdẹ́jídé, ta ni ó wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Àbúrò mi, Báálẹ̀.”

Ó ní, “Kí ó wí ohun tí ó rí.”

A gbé Ọdẹ́sànyà jókòó. Ó mí, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ó la ẹnu, ó ní, “A... omi. Omi. A...” Òógùn bò ó. Ó fi ọwọ́ òsì lu àyà, ó na ọwọ́ sí mi, ó na ọwọ́ sí orí ẹfọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, ó tún ní, “Omi.” Ẹnìkan lọ bu omi wá fún un. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ì bá sàn fún mi. Ǹ bá ti mọ ẹni tí n ó bá jà. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Àánú wa ni wọ́n ṣe. Lánihùn fúnra rẹ̀ dìde, ó ní àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gé itan ẹfọ̀n yíyan kan fún ìdílé wa.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́sànyà, ni ó gba ẹran náà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ sí mi láìkúnlẹ̀ ni. Ó sè é, ó gbé e síwájú wa, ó sì dúró gbọin-gbọin. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá fi í sílẹ̀ sínú igbó níbẹ̀. Ọkọ tí mo mọ̀ ì bá kú pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Kí ni ẹ gbé wá fún mi yìí? Kí ni kí n máa pè é?”

Ọdẹ́sànyà ni ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó sì fi bo Àwẹ̀ró lẹ́nu. Kò fi ipá bò ó. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀ títí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fa abọ́ súnmọ́ ara rẹ̀, ó mú ẹran, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí ó kù fún un jẹ ẹ́, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ń wò mí bí ó ti ń jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi kò fi ọwọ́ kan ẹran náà. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ó sì yẹ kí n lọ fún àbúrò mi ní oògùn rẹ̀.